Òkú Mẹ́tàdínlógún Inú Àpò Kóòtù Jàájà

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ti yó àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe bí ẹni tó yó. Mo ní ìtàn kan fún yín. Kò sí ọba nínú rẹ̀, kò sí iwin, kò sì sí ẹni tó di ẹyẹ. Bàbá tó bí ìyá mi ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú kóòtù rẹ̀, pẹ̀lú ogún tata tí wọ́n fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà yan. Mẹ́ta nínú ogún náà sọnù. Kí n tó dákẹ́, ẹ ó mọ ẹni tó jẹ wọ́n. Èmi fi ọdún mẹ́rìnlá ru ẹ̀bi wọn kí n tó mọ̀, nítorí náà ẹ̀yin náà, ẹ ṣe sùúrù.

Níbi tiwa ní Buddu, kò sí ẹni tí wọ́n bí láìní èèwọ̀. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ìdílé Olú kò gbọdọ̀ jẹ olú. Ọmọ ìdílé Kìnnìún kò gbọdọ̀ jẹ kìnnìún, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ nira fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Erifazi bàbá àgbà mi, tí mò ń pè ní Jàájà bí a ti ń pe gbogbo bàbá àgbà níbi tiwa, ìdílé Tata ni wọ́n bí i sí. Ẹni tó bá mọ oṣù kọkànlá ọdún ní Buddu yóò mọ ìyà tó ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn òjò, tata a máa bà sórí koríko bí ìgbà tí wọ́n da àgbàdo sílẹ̀. Tọmọdé tàgbà ń mú wọn, wọ́n ń tu ìyẹ́ wọn, wọ́n ń yan wọ́n nínú ọ̀rá ara wọn. Gbogbo abúlé ń ta sánsán. Àwọn ọmọ ìdílé Tata nìkan ló ń jókòó sílé, tí wọ́n ń gbé itọ́ mì, tí wọ́n ń pè é ní ìwà ọmọlúàbí.

Èmi kò sí nínú ìyà yẹn. Ọ̀dọ̀ bàbá ni ọmọ ń mú ìdílé tirẹ̀, bàbá mi sì jẹ́ ọmọ ìdílé Àgbọ̀nrín. Mo lè jẹ tata títí inú mi yóò fi le bí ìlù. Ṣùgbọ́n bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní Jinja, ọ̀dọ̀ Jàájà ni èmi àti ìyá mi ń gbé, Perusi ìyá mi sì jẹ́ ọmọ Tata bíi bàbá rẹ̀. Kò jẹ ẹ́, kò sì gbà kí ẹsẹ̀ tata kan wọ inú ọgbà wa. Bí mo bá fẹ́ jẹ ẹ́, ilé Ìyá Ìbejì ni, lódìkejì ọgbà.

Jàájà fúnra rẹ̀ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí Ìyá Ìbejì bá ti gbé agbada kaná, Jàájà yóò gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, yóò kọ ojú sí ibi tí èéfín ń gbà bọ̀, yóò di ojú.

"Jàájà, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Orúnkún ló ń dùn mí. Atẹ́gùn ibí dára fún orúnkún."

"Ṣé orúnkún yín ń gbọ́ òórùn àlùbọ́sà ni?"

"Nansamba, imú kò ní ìdílé. Ẹnu ló ní ìdílé. Lọ pọnmi wá."

Ní ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, olórí ẹbí ìdílé Tata ní agbègbè wa kú, àga rẹ̀ sì ṣófo. Ẹni méjì ni ó tọ́ sí: Jàájà, àti Firipo tí í ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Aránṣọ ni Firipo. Jígí ojú rẹ̀ ní gíláàsì lápá kan, kò ní lápá kejì. Ó ní ojú kejì kò ṣàìsàn. Kì í ṣe àga ló ń dun Jàájà. Igi ni. Níbi ibojì ẹbí wọn, igi ńlá kan wà tí bàbá Jàájà gbìn, èyí tí wọ́n ń bó èèpo rẹ̀, tí wọ́n ń lù ú di aṣọ tí a fi ń wé òkú. Gbogbo òkú ìdílé náà, aṣọ ara igi yẹn ni wọ́n wọ̀ lọ. Firipo sì ti ń sọ ọ́ kiri pé bí òun bá dé orí àga, òun yóò gé e, òun yóò fi ibẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ sí ojú ọ̀nà.

Òfin kan sì wà tí gbogbo wa mọ̀, títí kan àwa ọmọdé: ẹni tí èèwọ̀ ìdílé rẹ̀ bá kan ẹnu rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ìdí kan àga yẹn títí ayé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yan olórí, Ìyá Ìbejì pè mí láti ẹ̀yìn ọgbà, ó na nǹkan sí mi nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ṣì gbóná. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ogún ni. Mo ti pinnu bí màá ṣe jẹ wọ́n: méjì lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́wàá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ni mo gbọ́ ohùn ìyá mi láti ẹ̀yìnkùlé.

"Nansamba, omi ìwẹ̀ rẹ ti ń tutù. Kí lo mú lọ́wọ́?"

"Kò sí nǹkan, Màmá."

Ẹni tó bá sọ pé kò sí nǹkan gbọ́dọ̀ tètè wá ibi tí kò ní sí nǹkan. Kóòtù Jàájà ló wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àpò òsì rẹ̀ ti lu láti ayé ọjọ́un. Àpò ọ̀tún ló ń kó hóró kọfí gbígbẹ tó ń jẹ lẹ́nu sí. Mo ki ewé náà bọ àpò ọ̀tún, mo sáré lọ wẹ̀. Ìyá mi fi kànìnkànìn họ mí bí ẹni ń họ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Nígbà tí mo fi máa jáde, kóòtù kò sí lórí ìṣó mọ́. Ara Jàájà ló wà, lórí aṣọ funfun rẹ̀ tó balẹ̀ dé kókósẹ̀, pẹ̀lú fìlà lórí.

"Jàájà, ẹ bọ́ kóòtù yẹn. Oòrùn mú."

"Oòrùn kò tíì yọ."

"Yóò yọ, Jàájà."

"Bó bá yọ, inú kóòtù ni yóò bá mi."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e dání."

"Kóòtù tó wà lọ́rùn mi? Ṣé wàá gbé èmi náà mọ́ ọn ni?"

Ìyá mi ní, "Àròyé ọmọ yìí pọ̀ jù. Gbé àpótí ìjókòó bàbá, kó o tẹ̀ lé wọn, kó o sì panu mọ́."

Bí mo ṣe ru àpótí nìyẹn. Ní etí odò, Firipo jáde sí wa, ó ti wọ kóòtù tuntun tó rán fúnra rẹ̀.

"Erifazi, kóòtù yìí kò tíì kú?"

"Ìwọ lo rán an. Ohun tó o bá rán kì í pẹ́, èyí nìkan ló ṣèèṣì."

"Bí mo bá jókòó sórí àga lónìí, màá rán òmíràn fún ọ. Ṣọ́ọ̀bù tuntun ni màá ti rán an. Igi yẹn kò ní ju ọ̀sẹ̀ kan lọ mọ́."

"Kí la ó wá máa fi wé òkú wa?"

"Aṣọ wà lọ́jà, Erifazi. Ayé ti là."

Bí ọ̀rọ̀ bá dun Jàájà, hóró kọfí ló ń jù sẹ́nu, kí eyín lè rí ohun tí yóò rún dípò ènìyàn. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó ju nǹkan sẹ́nu, ó rún un. Ó sì dúró gbagidi láàárín ọ̀nà.

"Kí ló dé?" ni Firipo wí.

"Òkúta ló wọ bàtà mi."

Kò bẹ̀rẹ̀ wo bàtà náà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Firipo ń sọ̀rọ̀ igi lọ títí a fi dé ibojì ẹbí, mo sì rí i tí ọwọ́ Jàájà lọ sápò lẹ́ẹ̀mejì sí i. Nígbà tí kò pariwo, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kọfí ló ń bọ́ sí i lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ìdílé Tata ti jókòó sábẹ́ igi náà, wọ́n tó ọgbọ̀n. Jàájà Zakaliya ni wọ́n rán wá láti orísun ìdílé pé kó yan olórí. Ó ti dàgbà débi pé àfi kéèyàn pariwo sí i létí, ṣùgbọ́n ohun tó bá fẹ́ gbọ́, a máa gbọ́ ọ. Firipo ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí Ọlọ́run dá omi. Nígbà tó máa dé orí ṣọ́ọ̀bù, ẹni méjì ti sùn.

Ó kan Jàájà. Bó ṣe dìde báyìí, ológbò ilé tó wà nítòsí jáde wá, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó ń wò ó lójú bí ẹni ń retí ìwàásù. Jàájà fi ẹsẹ̀ tì í. Ó lọ, ó sì mú ẹnìkejì wá. Èyí àkọ́kọ́ wá nàró, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé kóòtù lọ́gangan ibi àpò.

Firipo tún jígí rẹ̀ tò. "Ológbò kì í jẹ kọfí, Erifazi. Ẹ tún wo àpò rẹ̀. Epo rèé."

Lóòótọ́, epo ti yọ lára kóòtù, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Orí àpótí tí mo rù wá ni mo jókòó lé.

"Kí ló ní?" ni Jàájà Zakaliya bèèrè.

Ẹnì kan pariwo sí i létí: "Ó ní kí Erifazi tú àpò rẹ̀ wò."

"Kó tú u."

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Ẹni tó pa òwe yẹn kò rí ọ̀rọ̀ tó ń yọ tata. Jàájà mú ewé náà jáde pẹ̀lẹ́, hóró kọfí ń já bọ́ lára rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ó ṣí i. Àwọn tata náà sùn gbalaja, wọ́n pọ́n, wọ́n ń dán, àlùbọ́sà lé wọn lórí. Gbogbo àwọn àgbà sún ìjókòó wọn sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò. Mo ń dúró de ìgbà tí ilẹ̀ yóò lanu gbé mi mì. Orí kóòtù ni mo ti mọ̀ pé a ti pàdánù àga, orí ewé ni mo ti mọ̀ pé a ti pàdánù igi, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi dì í.

Jàájà rọra bọ́ fìlà rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé. Ó bú sẹ́kún.

"Ẹ dákẹ́ ariwo," ló wí fún àwọn tí kò pariwo. "Òkú wà nílẹ̀."

Ó nawọ́ sí ewé náà.

"Àwọn ọmọ bàbá wa rèé. Ọdọọdún ni wọ́n ń yan wọ́n lójú wa, tí àwa ń jókòó, tí a ń gbọ́ òórùn wọn, tí a ń sọ pé a kò jẹ ẹ́, bí ẹni pé àìjẹ nìkan ni ìfẹ́. Ta ló ti dìde rí láti lọ gba òkú wọn? Firipo, mélòó lo ti gbà wálé?"

Jàájà gbé fìlà lé àyà.

"Èmi kò lè fi ọwọ́ mi kàn wọ́n, torí náà mo rán ọmọ ọmọ mi tí kì í ṣe ìdílé wa. Mo ní, lọ bá mi bẹ̀ wọ́n, èyí tí wọ́n bá fún ọ, kó wọn wá, kí a lè sin wọ́n sábẹ́ igi bàbá mi bí a ti ń sin ènìyàn. Nansamba, ṣé irọ́ ni?"

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ojú Jàájà tó kún fún omi yẹn ń ríran dáadáa. Èmi ló ń wò.

"Rárá o, Jàájà. Ẹ rán mi."

"Wọ́n fún ọ, àbí wọn kò fún ọ?"

"Wọ́n fún mi. Ogún."

Ẹnu mi ló yá. Firipo ti dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé, ó ń fi igi kékeré kà wọ́n, ó ń fi apá tó ní gíláàsì wò wọ́n.

"Mẹ́tàdínlógún," ló wí. Ó dìde, ó gbọn orúnkún. "Ogún ló gbà. Mẹ́tàdínlógún ló wà níbí. Mẹ́ta dà, Erifazi?"

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ọgbọ̀n àgbàlagbà ń wo ẹnu Jàájà bí ẹni tó fẹ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Jàájà yíjú sí mi.

"Nansamba ọmọ mi, ebi pa ọ́ lójú ọ̀nà, àbí?"

Ebi kò pa mí. N kò jẹ ẹyọ kan. Ọkàn mi sọ pé ihò àpò ló gbé wọn lọ. Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, kò sí ìbínú níbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo wo igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo sì rántí ẹni tó ki ewé bọ àpò.

"Ebi pa mí, Jàájà. Mo jẹ mẹ́ta."

"Ọmọ Àgbọ̀nrín ni," ni Jàájà wí fún wọn. "Ẹnu rẹ̀ kò ní èèwọ̀. Ẹ má bínú sí i."

Wọ́n pariwo rẹ̀ sí Jàájà Zakaliya létí. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́. "Ó jẹ àbúrò mi mẹ́ta," ló wí, "ó sì ń sọ ọ́ fún mi lójúkojú. Ẹ fún un ní ọkọ́. Òun ni yóò gbẹ́ ilẹ̀."

Mo gbẹ́ ilẹ̀. Jàájà Zakaliya yí sí Firipo. "Ìwọ tó o ń kà wọ́n dáadáa bẹ́ẹ̀, aránṣọ ni ọ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Gé aṣọ èèpo igi fún wọn."

"Bàbá, ègé kan tó gbogbo wọn."

"Ṣé ìwọ àti ẹlòmíràn ni yóò jọ wọ aṣọ òkú kan?"

Báyìí ni Firipo ṣe jókòó sábẹ́ igi tó fẹ́ gé, tó ń fi abẹ́rẹ́ rán aṣọ òkú mẹ́tàdínlógún, èyí tó gùn jù nínú wọn kò ju ìka lọ. Ọ̀sán pọ́n kó tó parí. Àwọn ológbò méjèèjì kò kúrò títí a fi bo ilẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó wá, àwọn ni ìbànújẹ́ wọn jẹ́ òtítọ́ jù.

Ìdájọ́ Jàájà Zakaliya kò pẹ́. Ó ní láti ayé bàbá ńlá àwọn ni àwọn ti ń pe ara wọn ní Tata, Erifazi ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe é bí ẹni pé òótọ́ ni. Ó ní kó jókòó sórí àga. Ó ní igi tí òkú tuntun wà lábẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé àáké dé ibẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí Jàájà ṣe lórí àga náà ni pé ó yan Firipo ní agbòkú ìdílé. Lóṣù kọkànlá ọdọọdún, kó máa gbé apẹ̀rẹ̀ kiri ojúlé, kó máa gba òkú wá. Firipo yarí lọ́dún kìíní. Lọ́dún kejì, kò yarí tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọdún kẹta, òun gan-an ló ń bèèrè bóyá oṣù kọkànlá ti dé. Ẹ̀yin tí ẹ mòye, òkú tó ń gbé wá sábẹ́ igi ń dín kù lọ́dọọdún, kóòtù Firipo sì ń fún un ní ikùn. A kì í bèèrè lọ́wọ́ agbòkú bóyá ó pọ́n ìka lá lọ́nà.

Èmi ní tèmi, orúkọ tuntun ni mo gbà. Ajẹ-òkú ni gbogbo àwọn ọmọ abúlé ń pè mí. Ọjọ́ ìgbéyàwó mi pàápàá, ẹnì kan láti ìdílé Tata dìde, ó ní kí ọkọ mi má ṣe kú nítòsí mi bí ebi bá ń pa mí.

Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, mo wálé láti Masaka lóṣù kọkànlá. Jàájà ti di arúgbó gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ọgbà ni mo bá a, lórí àpótí rẹ̀, tí èéfín Ìyá Ìbejì ń fẹ́ sí i lójú. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ó dá mi lóhùn.

"Nansamba, ìwọ kọ́ lo jẹ mẹ́ta yẹn."

"Mo mọ̀, Jàájà. Ihò àpò ni."

"Àpò òsì ló ní ihò."

Mo wò ó. Ó ń wo èéfín.

"Jàájà."

"Ọ̀kan ṣèèṣì ni. Kọfí ni mo rò pé mo mú."

"Èkejì ńkọ́?"

"Mo fẹ́ mọ̀ dájú ohun tí àkọ́kọ́ jẹ́. Àgbà kì í fẹ̀sùn kan nǹkan láìwádìí."

"Ẹ̀kẹta?"

Ó họ orúnkún rẹ̀. "Firipo ń sọ̀rọ̀ igi. Inú ń bí mi. Ó yẹ kí ènìyàn máa rún nǹkan tí inú bá ń bí i."

"Ẹ̀yin lẹ wá jẹ́ kí n gbẹ́ ilẹ̀."

"Mo ti kọ́kọ́ rò ó pé kí n dà wọ́n nù. Firipo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, yóò rí wọn. Mo tún rò ó pé kí n jẹ gbogbo wọn tán kí a tó débẹ̀." Ó fa èéfín símú. "Mo rò ó gan-an. Nígbà tí a fi máa dé abẹ́ igi, mo ti sin wọ́n tán lọ́kàn mi. Ìbéèrè nípa mẹ́ta yẹn nìkan ni n kò múra fún." Ó wá wò mí báyìí. "Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ó ku ọdún mẹ́fà. N kò rò pé mo lè dúró dè é. Ṣé kí n pè wọ́n jọ, kí n sọ fún wọn, kí n sì dìde lórí àga?"

Mo ro ọ̀rọ̀ náà. Mo ro igi tó ṣì dúró, mo sì ro orúkọ mi.

"Bí ẹ bá sọ tiyín, Jàájà, wọn yóò bèèrè ti Firipo."

Ẹ̀rín tó rín pọ̀ débi pé ìyá mi sáré jáde láti ibi ìdáná, ó rò pé ikọ́ ló ń pa á. Kò tún sọ̀rọ̀ ìdìde mọ́.

Ó kú kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀. Aṣọ ara igi bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi wé e, Firipo ló sì rán an, ó ń sunkún tó bẹ́ẹ̀ tó fi bọ́ jígí. Èmi ni wọ́n ní kí n gbọn kóòtù rẹ̀ nù kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ fún un. Mo tú àpò ọ̀tún. Hóró kọfí mẹ́fà ló wà níbẹ̀, àti ẹsẹ̀ tata kan ṣoṣo, ó gbẹ, àlùbọ́sà sì ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Mo wo ẹ̀yìn, mo wo iwájú. Mo dá a padà síbi tó wà.

Ojú mi ló rí ti abẹ́ igi. Ìyá mi Perusi ló sọ ti ikùn Firipo fún mi, torí òun ló ń bá a wọn ikùn rẹ̀ bó bá fẹ́ mú kóòtù náà fẹ̀ sí i. Ti mẹ́ta yẹn, ẹnu Jàájà Erifazi tó jẹ wọ́n ló sọ ọ́. Èmi Nansamba Ajẹ-òkú ni mo sọ ọ́ fún yín.